Nígbà tí Fóò-Wíìlì Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Bá Há

Nínú ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ owó yíyá, owó ìpín àti ìwé owó ni a sábà máa ń bá yín sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a mú wá. Ẹ má ṣe rò pé a ti fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìwé owó ni ó gbé wa dé ìdí ọkọ̀ náà, ìwé owó kan náà ni ó sì tú àṣírí ohun tí ń ṣe é.

Ẹgbẹ́ kan wà ní agbègbè Ararọ̀mí ní etí òkun Ìlàjẹ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lè ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ èyíkéyìí nínú wa. Àwọn apẹja àti àwọn ìyá tí ń yan ẹja ni ó pọ̀ jù nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n yá díẹ̀ kún un, wọ́n sì ra píkọ́ọ̀pù kan tí ó ní fóò-wíìlì. Iṣẹ́ ọkọ̀ yìí ni láti máa kó ẹja láti orí iyanrìn níbi tí ọkọ̀ ojú omi bá ti gúnlẹ̀, kí ó gbé e jáde sí ojú ọ̀nà tí ó le, kí ó sì máa kó áìsì padà fún àwọn apẹja. Ọkọ̀ tí kò ní fóò-wíìlì kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rin etí òkun Ararọ̀mí mọ bí iyanrìn ibẹ̀ ti rí.

Nígbà tí a dé ibẹ̀ láti yẹ ìwé owó wọn wò, a rí i pé láàárín oṣù 5, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti san owó fún ohun tí akọ̀wé kọ sílẹ̀ pé "àtúnṣe fóò-wíìlì". Iṣẹ́ kan náà, mẹkáníìkì kan náà, ṣùgbọ́n owó ń ga sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A béèrè ohun tí ó fà á. Ibi tí a ti béèrè yìí ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀.

Bàbá Alága sọ pé, "Ọ̀gá, awakọ̀ yìí ni ó ń ba ọkọ̀ jẹ́. Bí ó bá dé lónìí, á ní fóò-wíìlì kò wọlé. Bí ó bá tún dé lọ́la, á ní ó wọlé, kò jáde mọ́. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì?"

Awakọ̀ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dákun, ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Méjèèjì ni ó ń ṣe."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa dá sí i pé, "Èmi kò mọ ti jíà o. Òkun kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ọkọ̀ há sínú iyanrìn tí òkun sì ń kún bọ̀, agbọ̀n ẹja mẹ́jọ ni ó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ta ni yóò san án?"

Ìgbìmọ̀ ti ní ìpinnu méjì lọ́kàn. Èkíní, kí wọ́n máa yọ owó àtúnṣe nínú owó oṣù awakọ̀. Èkejì, kí wọ́n ta ọkọ̀ náà fún oníṣòwò kan tí ó ti wá nájà rẹ̀, tí iye tí ó pè kò sì tó ìdajì owó tí wọ́n fi rà á. Gbèsè tí wọ́n yá sì wà nílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní kí a fi ọwọ́ sí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé pé a ti gbọ́. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

OHUN TÍ FÓÒ-WÍÌLÌ JẸ́

Kí a tó lè mọ ìdí tí nǹkan fi há, ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, táyà méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Àwọn méjì yòókù ń tẹ̀ lé wọn ni. Nínú ọkọ̀ fóò-wíìlì, àpótí kan tún wà lẹ́yìn àpótí jíà ńlá. Jíà kékeré ni a óò máa pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín agbára ẹ́ńjìnnì sí ọ̀nà méjì: ọ̀pá kan ń gbé e lọ sí táyà ẹ̀yìn, ọ̀pá kejì ń gbé e lọ sí táyà iwájú. Awakọ̀ ni yóò fi ọ̀pá jíà kékeré sọ bóyá òun fẹ́ táyà méjì tàbí mẹ́rin. Ní ara ọ̀pá yìí ni a ti máa ń rí àmì 2H, 4H, N àti 4L. 2H ni ti ojú títì. 4H ni ti iyanrìn àti ẹrẹ̀. 4L ni ti ibi tí ó le gan-an, níbi tí ọkọ̀ ti ń fi agbára rọra fà.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tí ó ti pẹ́ díẹ̀, họ́ọ̀bù kan tún wà ní àárín táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, tí a ń fi ọwọ́ yí sí FREE tàbí LOCK. Bí ó bá wà ní FREE, táyà ń yí lásán, kò so mọ́ ọ̀pá inú. Bí ó bá wà ní LOCK, táyà àti ọ̀pá di ọ̀kan. Bí họ́ọ̀bù kan ṣoṣo kò bá mú, agbára tí ó bá dé iwájú yóò gba ẹ̀gbẹ́ tí kò mú náà sá lọ, táyà iwájú méjèèjì kò sì ní fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe ohun àná. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti ọdún 1941, ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń lo Jeep káàkiri ayé. Ní ọdún 1947, ọ̀gbẹ́ni Maurice Wilks, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya àwòrán àkọ́kọ́ Land Rover sí orí iyanrìn etí òkun ní Anglesey ní ilẹ̀ Wales. Ní ọdún 1948 ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde fún aráyé rí ní ìlú Amsterdam. Ẹ rí i pé orí iyanrìn ni èrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

ILẸ̀ ÒTÚTÙ ÀTI ETÍ ÒKUN WA

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti pe ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Kánádà lórí fóònù. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni ti òun náà máa ń há, pé kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa kí wọ́n tó fi fóò-wíìlì sí i. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń dá ọkọ̀ síṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, epo ń jó, ọkọ̀ kò sì gbọ́.

Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ nípa ibi tí ó wà. Ní ilẹ̀ òtútù, bí omi díẹ̀ bá wọ inú wáyà tàbí páìpù tí ń gbé àṣẹ awakọ̀ lọ sí jíà kékeré, omi náà yóò dì nígbà tí òtútù bá dé ìwọ̀n 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tí ó bá sì dì máa ń fẹ̀ sí i, nítorí náà yóò fún ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pa. Ọ́ìlì jíà àti gíríìsì náà yóò ki, irin kò ní lè yọ̀ wọ inú irin. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tí ooru rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀, yìnyín yóò yọ́, ọ́ìlì yóò ṣàn, fóò-wíìlì yóò sì wọlé. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ó há ní òwúrọ̀ lọ́hùn-ún fi lè yá ní ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n omi kì í dì ní Ararọ̀mí. Ohun tí yìnyín ń ṣe lọ́hùn-ún, iyọ̀ àti iyanrìn ni ó ń ṣe é níbí. Lítà kan omi òkun gbangba ní iyọ̀ tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú. Bí omi náà bá fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀ tí ó sì gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí nìyí tí irin tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ kì í fi í gbẹ tán, tí ìpẹtà sì ń jẹ ẹ́ tọ̀sán-tòru. Iyanrìn á wá bá gíríìsì lò pọ̀, á sì di ohun tí ń họ irin bí ìgbà tí a fi yanrìn fọ ìkòkò.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀: èyí tí òtútù bá há, ooru yóò tú u. Èyí tí iyọ̀ bá há, bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni yóò máa le sí i. Ẹni tí ó bá fi oògùn ti àkọ́kọ́ tọ́jú èkejì, epo lásán ni yóò jó.

OHUN TÍ RÌSÍÌTÌ SỌ

Àwa kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ti kọ́ wa pé bí owó bá ń jáde lójú kan náà léraléra, kí a wo ohun tí a rà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. A kó àwọn rìsíìtì jáde, a tò wọ́n ní ọjọ́ ọjọ́. Ọjọ́ 9 ṣáájú àtúnṣe àkọ́kọ́, rìsíìtì táyà méjì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó tà á jẹ́ aláápọn, ó kọ nọ́ńbà táyà sí i: 235/75R15.

A pe Bàbá Alága, akọ̀wé, akápò àti awakọ̀, gbogbo wa sì lọ sí ìdí ọkọ̀. A ka nọ́ńbà ara táyà. Méjì iwájú, 235/75R15. Méjì ẹ̀yìn, 225/75R15, wọ́n sì tún ti jẹ. Akọ̀wé ní òun ni òun rà á, pé ẹni tí ó tà á dín owó fún òun, àti pé gbogbo rẹ̀ ṣe déédéé lójú òun. Kò jí owó, kò sì purọ́. Lójú, táyà wọ̀nyí dà bí ìbejì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Gíga táyà 235/75R15 láti ìsàlẹ̀ dé òkè jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 733. Ti 225/75R15 jẹ́ nǹkan bíi 718. Láti rin kìlómítà 1, táyà ńlá yóò yí nǹkan bí ìgbà 434, kékeré yóò yí nǹkan bí ìgbà 443. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbà 9 nínú kìlómítà kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ bá wà ní 2H, kò sí wàhálà, nítorí olúkúlùkù ń yí ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní 4H, jíà kékeré ti so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ó ń fi ipá mú wọn yí ní iye kan náà. Níbo ni ìgbà 9 náà yóò lọ? Lórí iyanrìn, táyà á yọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyàtọ̀ náà á sì bá yíyọ̀ yẹn lọ. Lórí ilẹ̀ tí ó le, kò sí ibi tí táyà lè yọ̀ sí. Inú àwọn ọ̀pá ni ìfúnpọ̀ náà yóò máa kóra jọ sí, bí okùn tí ọmọdé ń lọ́ tí kò tú. Eyín jíà á fún mọ́ra pinpin. Bí awakọ̀ bá wá fẹ́ yọ ọ́ sí 2H, ọ̀pá jíà kò ní gbọ́. Bí ó bá sì ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, ibi tí kò lágbára jù nínú ọ̀pá ni yóò kán. Ohun tí ó kán lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn, mẹkáníìkì sì ń pààrọ̀ ohun tí ó kán láì béèrè ohun tí ó ń kán an.

Ó ku èkejì: ọjọ́ tí awakọ̀ ní fóò-wíìlì kò wọlé. A ránṣẹ́ pe àgbà mẹkáníìkì kan láti Òkìtìpupa. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó yí họ́ọ̀bù sí LOCK, ó sì fi ọwọ́ yí táyà. Ti òsì mú. Ti ọ̀tún, nínú ìgbà márùn-ún tí ó dán an wò, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò mú. Nígbà tí ó tú u, iyanrìn wà nínú rẹ̀, ìpẹtà ti bo irin, gíríìsì sì ti gan bí ẹ̀kọ àná.

Gbogbo rẹ̀ wá hàn kedere. Ní ọjọ́ tí họ́ọ̀bù ọ̀tún kò bá mú, táyà iwájú kì í fà, ọkọ̀ á há sínú iyanrìn, awakọ̀ á ní fóò-wíìlì kò wọlé. Ní ọjọ́ tí ó bá mú, táyà tí kò dọ́gba á fún jíà pa lójú ọ̀nà líle, awakọ̀ á ní kò jáde. Àrùn méjì ni ó wà lára ọkọ̀ kan. Ọmọkùnrin náà kò purọ́ rí.

BÍ A ṢE Ń WÁ ÌDÍ RẸ̀

Bí ti yín bá há, ẹ tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ná yín lówó.

1. Ẹ má fi ipá fa ọ̀pá jíà, ẹ má sì fi páìpù tàbí òòlù ràn án lọ́wọ́. Irin tí ó ń ti jíà nínú lè tẹ̀ tàbí kí ó kán. Bí ó bá há sí 4H tí kò jáde, ẹ yí ìdarí ọkọ̀ kí táyà iwájú dúró gbọọrọ, kí ẹ sì rọra fi rìfáàsì padà sẹ́yìn ní mítà bíi 5 sí 10. Ìfúnpọ̀ á tú, ọ̀pá jíà á sì bọ́. Bí ó bá bọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìpẹtà ni ó há a, ìfúnpọ̀ ni. Ẹ lọ wo táyà.

2. Ẹ ka nọ́ńbà ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ wo bí wọ́n ti jẹ tó, nítorí táyà tí ó ti jẹ kéré ju titun lọ bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ bára mu. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ inú wọn pẹ̀lú. Lóòótọ́, àwọn awakọ̀ a máa dín afẹ́fẹ́ kù lórí iyanrìn kí táyà lè tẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ dín kù, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà bí ẹ bá ti jáde sí ọ̀nà líle.

3. Ẹ dán họ́ọ̀bù wò. Ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, ẹ sì gbé e lé orí ohun tí ó dúró gírí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ní FREE, táyà á yí, ọ̀pá inú kò gbọdọ̀ yí. Ní LOCK, méjèèjì á jọ yí. Ẹ dán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ohun tí ó mú lẹ́ẹ̀kan lè má mú lẹ́ẹ̀kejì.

4. Ẹ wo àwọn irin tí ó so ọ̀pá jíà mọ́ jíà kékeré lábẹ́ ọkọ̀. Bí ìpẹtà bá ti mú oríkèé wọn, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì tí ń wọnú ìpẹtà sí i títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó máa rọra mì í. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi gíríìsì titun sí i.

5. Ẹ yọ nọ́ọ̀tì tí a fi ń wo ọ́ìlì jíà kékeré àti ti dífù. Bí ọ́ìlì bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ sì ra irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà kọ. Ẹ tún wá páìpù kékeré tí àwọn àpótí wọ̀nyí fi ń mí. Bí àpótí bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀. Bí ó bá wọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ náà á sún kì, á sì máa wá ohun tí yóò fà wọlé. Bí iyanrìn bá ti dí páìpù, omi iyọ̀ ni yóò gba ẹnu rọ́bà fà wọlé.

6. Bí ó bá jẹ́ pé bọ́tìnì ni ẹ ń tẹ̀ nínú ọkọ̀ yín tí kò sí ọ̀pá jíà, ẹ wo fíúsì àti ibi tí wáyà ti so pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá rí ohun àwọ̀ ewé lára bàbà inú rẹ̀, iyọ̀ ti jẹ ẹ́. Irú ọkọ̀ yìí, ẹni tí ó mọ iná ọkọ̀ ni kí ẹ gbé e fún, kì í ṣe ẹni tí ó mọ irin nìkan.

ÌTỌ́JÚ SÀN JU ÀTÚNṢE LỌ

Ọkọ̀ tí ó bá ti etí òkun dé gbọ́dọ̀ wẹ̀ lábẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn. Omi òjò tàbí omi kànga tí kò níyọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe fi omi òkun fọ̀ ọ́, nítorí ẹni tí ó bá fi iyọ̀ fọ iyọ̀ kò tíì fọ nǹkan kan. Àwọn ará wa ní ilẹ̀ òtútù náà kò bọ́ nínú èyí, nítorí ìjọba ibẹ̀ a máa da iyọ̀ sí ojú títì kí yìnyín lè yọ́, ìpẹtà sì ń jẹ ọkọ̀ wọn bí ó ti ń jẹ tiwa.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí fóò-wíìlì sùn. Ohun tí a kò bá lò ni ó máa ń há. Toyota kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọkọ̀ rẹ̀ pé kí a fi fóò-wíìlì rìn tó kìlómítà 16 lóṣooṣù, kí ọ́ìlì lè kan gbogbo ibi tí ó yẹ kí ó kàn. Orí iyanrìn tàbí ilẹ̀ rírọ̀ ni kí ẹ ti rìn ín. Ẹkẹta, bí táyà bá ti kúrò lórí iyanrìn, kí ọ̀pá jíà padà sí 2H lójú ẹsẹ̀. Iyanrìn tútù tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀ a máa le bí ojú títì ní ibòmíràn, nítorí náà kí awakọ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

TI ÌGBÌMỌ̀ NÍ TIRẸ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó kan iṣẹ́ wa jù. Ohun tí ó ṣe ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe iyọ̀ àti táyà nìkan. Akọ̀wé ra táyà, kò sọ fún awakọ̀. Awakọ̀ rí àìsàn, kò sí ìwé tí yóò kọ ọ́ sí. Mẹkáníìkì ṣe iṣẹ́, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ìdí tí nǹkan fi kán. Akápò sì sanwó, nítorí rìsíìtì wà. Olúkúlùkù ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí gbogbo rẹ̀ papọ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnìkan kò lè dá ọkọ̀ ẹgbẹ́ tọ́jú.

Nítorí náà, a gba gbogbo ẹgbẹ́ tí ó ní ọkọ̀, tàbí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tàbí ẹ̀rọ èyíkéyìí, ní ìmọ̀ràn yìí:

(a) Ẹ ní ìwé ọkọ̀ kan. Kí awakọ̀ máa kọ ọjọ́, ibi tí ó lọ, ohun tí ó ṣàkíyèsí, àti ọjọ́ tí wọ́n fọ abẹ́ ọkọ̀. Bí awakọ̀ kò bá lè kọ̀wé, kí akọ̀wé máa kọ ọ́ fún un ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

(b) Ẹ kọ nọ́ńbà táyà, irú ọ́ìlì àti irú bátìrì sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ọjà kí ó mú un lọ́wọ́.

(d) Kí mẹkáníìkì fi ohun tí ó yọ hàn yín, kí ó sì kọ ohun tí ó fà á sí ara rìsíìtì. Bí ohun kan náà bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pe ẹlòmíràn wò ó kí ẹ tó san ẹ̀ẹ̀kẹta.

(e) Ẹ máa ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ nínú owó tí ọkọ̀ bá mú wọlé, kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá bàjẹ́.

(ẹ) Ẹ má ṣe yọ owó oṣù ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ta ohun ìní ẹgbẹ́, kí ẹ tó ṣe ìwádìí, kí ìpàdé gbogboogbò sì tó gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí a bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, a ti pàdánù.

Ẹgbẹ́ tí a ń wí yìí kò ta ọkọ̀ wọn. Wọ́n ra táyà mẹ́rin tí ó dọ́gba, wọ́n tún họ́ọ̀bù ọ̀tún ṣe, wọ́n sì ta táyà ńlá méjèèjì. Gbogbo ohun tí wọ́n ná kò tó owó tí wọ́n ti san fún àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìpàdé gbogboogbò, Bàbá Alága dìde níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Awakọ̀, ìwọ ni o jàre. Ìbínú ni kò jẹ́ ká gbọ́ ọ." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, àwọn ìyá sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù 6, a ṣí ìwé owó, a wá "àtúnṣe fóò-wíìlì" títí, a kò rí i. Ohun tí a rí ni owó omi tí wọ́n fi ń fọ abẹ́ ọkọ̀, kò sì tó nǹkan.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ tó dé ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka nọ́ńbà táyà ọkọ̀ ẹgbẹ́ yín. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.